Ààrò Tí Kò Níhò Èéfín

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀, nítorí bí mi ò bá bínú, mi ò ní lè sọ ọ́ dópin. Àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ ládùúgbò wa báyìí, kò sí èyí tó níhò èéfín nínú wọn. Kò sí rárá! Wọ́n á dí gbogbo ojú ihò pa, wọ́n á lẹ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n á wá gbé ẹ̀rọ kan sí òkè àjà tí á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, tí á tún máa tì í jáde. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀rọ ló ń bá ará ilé mí! Tí wọ́n bá wá kọ́ ọ tán, tí gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní bíi yàrá ọsibítù, wọ́n á jókòó, wọ́n á wo ògiri títí, wọ́n á ní ó jọ pé nǹkan kan ń kù. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó ránṣẹ́ pe èmi Malachy.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, èmi àti Phonsie Ruane. A máa ń yọ ààrò àtijọ́ kúrò nínú ilé tó ń wó lọ. Férémù òkúta dúdú tó yí i ká, àpótí irin tó wà nínú rẹ̀, táìlì olódòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, gbogbo rẹ̀ la máa ń yọ. A ó fọ̀ ọ́, a ó kun irin rẹ̀ títí á fi máa dán, a ó wá gbé e ti ògiri ilé tuntun. Ẹ̀yìn rẹ̀, ògiri lásán ni. Ibi tó yẹ kí iná wà, àpótí iná mànàmáná la máa ń kì bọ̀ ọ́, èyí tó ń ṣe pupa yòò bí ẹni pé nǹkan ń jó níbẹ̀. Àwọn onílé á na ọwọ́ sí i, wọ́n á ní, "Háà, èyí mà dára o!" Èmi náà á ní ó dára. Òun ló ń bọ́ mi, ṣé kí n wá máa bu ẹnu àtẹ́ lù ú ni?

Ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ni Enda Kilbane wá bá wa. Ọmọ òkè Knockaveel níbí ni. Ó ti gbé ní Dublin, olú ìlú wa, fún ìgbà pípẹ́ kó tó kó ìyàwó rẹ̀, Sorcha, àti ọmọbìnrin wọn jòjòló padà wálé. Ó kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, nísàlẹ̀ ilé àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ nìkan ń dá gbé. Ìyá náà, Màmá Delia, ti ṣubú lọ́dún tó kọjá, egungun ìbàdí wọn sì ti kán. Òrùlé ilé wọn ń jò, ògiri rẹ̀ rin gbingbin, dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún Enda pé bí ìyá rẹ̀ bá tún fi ilé yẹn gba òtútù ọdún yìí, kó lọ múra òkú sílẹ̀.

"Wọ́n ti gbà láti kó wá bá wa," Enda wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Láti ìgbà Àjíǹde ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n, wọn ò dá mi lóhùn. Ìgbà tí mo sọ fún wọn pé a máa gbé ààrò wọn tẹ̀ lé wọn ni wọ́n tó ní ó dáa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i bí inú wọn ṣe dùn!"

"Ilé tìrẹ yìí, ṣé ó níhò èéfín?"

"Ẹ̀gbọ́n Malachy náà! Ilé tuntun mà ni. Ẹ ṣáà bá mi fi àpótí pupa yín yẹn sí i."

"Ṣé Màmá mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀ pé ilé ìgbàlódé ni. Mo ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn."

Mo gbà á gbọ́. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi máa bá ọmọ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìyá tó bí i?

Ọjọ́ tí a lọ yọ ààrò náà, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Màmá Delia ti jókòó dè wá, ọ̀pá wọn wà láàárín orúnkún, wọ́n so gèlè kékeré mọ́ abẹ́ àgbọ̀n. Bí Phonsie ṣe yọ orí wọlé báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Phonsie, ṣé o ò tíì fẹ́yàwó síbẹ̀?"

"Màmá, ẹ̀yin náà ni mò ń dúró dè."

"Dúró dáadáa. Mi ò lè fẹ́ ọkùnrin tó ń fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Padà, lọ nu ẹsẹ̀ rẹ!"

Phonsie padà, ó lọ nu ẹsẹ̀. Àgbà ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán ni o, ṣùgbọ́n ìtòsí Màmá ni ilé tirẹ̀ wà láti kékeré, kò sì lè bá wọn jiyàn.

Iná ń jó nínú ààrò. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa iná yẹn, nítorí òun gan-an lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, a kì í jẹ́ kí iná ilé kú lórí òkè yìí. Tó bá di alẹ́, obìnrin ilé á kó ẹyin iná jọ sójú kan, á fi eérú bò ó mọ́lẹ̀, á sì bẹ Brígid Mímọ́, obìnrin mímọ́ ilẹ̀ wa, pé kó bá òun ṣọ́ ọ. Tílẹ̀ bá mọ́, á tú eérú náà, á to èédú àbàtà lé e lórí, ìyẹn ilẹ̀ dúdú tí a máa ń gé nínú àbàtà tí a sì ń sá sóòrùn, iná á sì dìde. Tí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ, tàbí tí ìdílé bá ń kó lọ sílé tuntun, iná ilé àtijọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé wọlé kí wọ́n tó gbé nǹkan mìíràn. Ìyá ìyá mi ṣe é. Ìyá mi ò ṣe é mọ́, ìṣáná ló ń ṣá ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Delia ò dáwọ́ dúró. Ìyá àgbà ọkọ wọn ló gbé iná náà wá láti ilé bàbá rẹ̀ lódìkejì òkè, nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, kò sì kú láti ìgbà náà. Wọ́n fi bímọ, wọ́n fi sìnkú, wọn ò jẹ́ kó kú. Nígbà tí Màmá wà ní ọsibítù pẹ̀lú ìbàdí, Phonsie ló ń lọ tú u láàárọ̀, òun náà ló ń lọ bò ó lálẹ́. Phonsie yìí tó jẹ́ pé màá fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó jí lọ síbi iṣẹ́! Ó ń dìde lọ tọ́jú iná oníná, kò sì pa á jẹ lọ́jọ́ kan.

"Màmá," mo wí, "a ní láti kó iná yìí kúrò kí irin lè tutù."

"Mo mọ̀. Mo ti múra sílẹ̀."

Wọ́n fa ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jáde lábẹ́ tábìlì. Wọ́n da eérú sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀mú mú ẹyin iná sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún da eérú sí i lórí, wọ́n dé e. Wọ́n ní kí Phonsie gbé e sẹ́nu ọ̀nà níbi tí òjò ò dé, wọ́n sì wọ́ àga wọn tẹ̀ lé e. Èmi ní tèmi, mo rò pé torí tíì wọn ni.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Férémù òkúta ò fún wa ní wàhálà, ó yọ wẹ́rẹ́. Àpótí irin ló ṣòro. Ó ti bá ògiri lẹ̀ pọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, bí a ṣe ń mì í báyìí ni eruku dúdú ń já bọ́ lé wa lórí. A tún fà á. Ó jáde, ṣùgbọ́n òkúta gígùn tó wà lókè ààrò tẹ̀ lé e, ó là sí méjì, gbogbo ohun tó gbé rù sì ya wálẹ̀: òkúta, amọ̀, èéfín tó ti dì, ìtẹ́ ẹyẹ lóríṣiríṣi. A fò sẹ́yìn. Ìgbà tí eruku rọlẹ̀, ojú ààrò ti di òkìtì, ihò èéfín ti dí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Phonsie dúró láàárín ilé, ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló ń hàn. Màmá Delia bojú wolé, wọ́n rí i, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

"Ẹ má bínú, Màmá," mo wí. "A ti ba ilé yín jẹ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ilé náà ti mọ̀ pé mò ń lọ ni, ó ń bá mi palẹ̀ mọ́." Wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò wọn díẹ̀, wọ́n fi èédú àbàtà kékeré kan sí i, wọ́n dé e padà.

Ìgbà yẹn ni mo tó bi wọ́n. "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi iná yẹn ṣe?"

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Malachy, ṣé orí rẹ pé báyìí? Ṣé o fẹ́ kí n wọ ilé ọmọ mi lọ́wọ́ òfo ni? Èmi ni màá kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ Sátidé, iná mi á sì wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ ṣáà bá mi yára to ààrò yẹn kí n lè ríbi gbé e sí."

Phonsie tó ń nu ojú, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan. Òun náà ti rí ògiri ilé tuntun yẹn.

Wọn ò mọ̀! Wọ́n gbọ́ pé ààrò ń lọ sílé tuntun, wọ́n sì gbà pé ihò èéfín á wà níbẹ̀. Ta ló máa béèrè? Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ fi ilẹ̀kùn sí ilé fún ọ, ṣé o máa bi í pé ṣé ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn rẹ̀ ni? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, Màmá Delia ò rí ààrò tí kò níhò rí. Enda sì sọ pé ilé ìgbàlódé ni, ó rò pé òun ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a nísàlẹ̀. Ó ń gbé pákó.

"Enda, ìyá rẹ fẹ́ gbé iná wá."

"Iná wo?"

"Èyí tó wà nínú ìkòkò wọn lókè báyìí. Wọ́n fẹ́ dá a sínú ààrò yìí lọ́jọ́ Sátidé."

Ó fi pákó sílẹ̀. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. "Jésù, Màríà," ó wí. "Mo rò pé ààrò yẹn ni wọ́n nífẹ̀ẹ́. Mo rò pé tí wọ́n bá ti ń rí i..."

"Lọ sọ fún wọn."

"Ẹ bá mi sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí, wọ́n á gbọ́ tiyín."

"Ṣé èmi ni wọ́n bí ni, àbí ìwọ?"

"Ẹ jẹ́ ká lu ògiri nígbà náà. Ṣé a ò lè lù ú, ká ki páìpù bọ̀ ọ́?"

Mo jókòó, mo ṣàlàyé fún un. A lè lù ú. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ̀rọ ń bá mí, tí o bá dáná èédú sínú rẹ̀, ẹ̀rọ yẹn á fa èéfín padà wọlé ni. Á fà á lọ sí yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Apá kan wà nínú èéfín yẹn tí kò rùn, tí kò ṣeé rí, tó jẹ́ pé èèyàn á kàn sùn ni, kò ní jí mọ́. Kí a tó lè ṣe é bó ṣe yẹ, a máa ṣí òrùlé, a máa pààrọ̀ ẹ̀rọ, a máa dúró de àwọn tó ń fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òtútù á ti parí kí wọ́n tó dá wa lóhùn. Iná inú ìkòkò ò lè dúró dè wá.

"Ká gbé iná náà padà sílé àtijọ́ ńkọ́?"

Mo mú un gòkè lọ, mo fi òkìtì tó wà lójú ààrò hàn án.

"Ilé Phonsie, Phonsie á bá wa tọ́jú ẹ̀," Enda wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún.

Phonsie gbin. "Malachy ti dí ihò èéfín mi pa," ó ní.

Òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ní kí n bá òun dí i. Mo dúró síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn wo gbogbo ilé orí òkè náà: ilé àwọn Gavigan, ilé Tíṣà Nuala, ilé fadá pàápàá. Ẹyẹ ń kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀, òtútù ń gbabẹ̀ wọlé, Malachy, jọ̀ọ́ wá bá wa dí i. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi dí gbogbo wọn. Ilé tèmi gan-an, gáàsì là ń lò. Ìyàwó mi ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ihò èéfín kan ṣoṣo tó ṣì ń mí lórí òkè Knockaveel ni èyí tó wó lé wa lórí láàárọ̀ yẹn, kò sì sí ohun tí mo lè fi ọwọ́ àti irinṣẹ́ mi ṣe sí i.

Enda ní òun á sọ fún Màmá kó tó di Sátidé. Ojoojúmọ́ ló ń gòkè lọ, ojoojúmọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀, tí mo bá wo ojú rẹ̀ báyìí, màá mọ̀ pé kò sọ ọ́. Sorcha náà lọ. Ọmọ Dublin ni Sorcha, ẹnu rẹ̀ mú, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, mo sì rò pé òun á lè sọ ọ́. Ó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi," ó ní. "Wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n ń fi ìkòkò yẹn hàn án. Wọ́n ń sọ fún un pé, 'Ìwọ lo máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn mi o, ìyá kékeré. Ìyá rẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe, màá kọ́ ọ.' Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gba ọmọ mi, mo dìde."

Àwa ń ṣiṣẹ́ lọ. Kí la tún fẹ́ ṣe? A gbé férémù òkúta náà dúró, ó gún régé. A ti àpótí irin mọ́ ògiri, a rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀, a fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Phonsie fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu táìlì kọ̀ọ̀kan. Mi ò ṣe ààrò tó dára tó yẹn rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, orí mi sì ń fọ́ mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó.

Sátidé pé. Màmá Delia ní àwọn ò wọ mọ́tò. Wọ́n ní ìyá àgbà ọkọ àwọn fi ẹsẹ̀ rìn kọjá odindi òkè, àwọn ò lè jókòó sínú mọ́tò nítorí ìsọ̀kalẹ̀ kékeré báyìí. Wọ́n fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Phonsie ń gbé ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fún Sorcha ní ọ̀pá, wọ́n gba ìkòkò náà. Ó wúwo jù wọ́n lọ. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé e.

"Kí Ọlọ́run bùkún ilé yìí àti gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀," wọ́n wí, wọ́n sì wọlé ṣíwájú gbogbo wa.

Wọ́n gbé ìkòkò kalẹ̀ níwájú ààrò. Wọ́n dúró wò ó. Wọ́n fi ọwọ́ pa táìlì kan tó ti sán, èyí tí ọkọ wọn fi ẹsẹ̀ àga gbá nígbà tí Enda wà ní kékeré, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. "Malachy, o káre. Phonsie, ìwọ náà káre, o ti fọ ọwọ́ lónìí."

Lẹ́yìn náà wọ́n dì mọ́ férémù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè sínú ọ̀fun ààrò. Gbogbo obìnrin àtijọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dáná: wọ́n máa ń fọwọ́ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń fà. Mo ti rí ìyá ìyá mi tó ṣe é. Mo sì gbàgbé. Mo rántí gbogbo nǹkan, ìyẹn ni mi ò rántí.

Ọwọ́ wọn kan ògiri. Wọ́n gbé e lọ sápá ọ̀tún, wọ́n gbé e lọ sápá òsì, wọ́n fi ìka wá a káàkiri. Wọ́n yọ ọwọ́, wọ́n wò ó, wọ́n wá yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ò fẹ́ dójú ti ẹlòmíràn.

"Malachy, ọmọ mi, o gbàgbé láti ṣí i."

Enda sáré tẹ bọ́tìnnì, àpótí náà sì tàn pupa yòò. Ọmọ jòjòló pàtẹ́wọ́.

"Kí nìyí?" Màmá bi wá.

"Iná ni, Màmá," Enda wí. "Ẹ wò ó, kò ní eérú. Ẹ ò ní máa dìde lọ tú u mọ́. Kò sí wàhálà kankan mọ́ fún yín."

"Wàhálà?" wọ́n ní.

Ó jọ pé wọn ò tíì gbà á gbọ́. Wọ́n ṣí ìkòkò wọn, wọ́n ti ẹ̀mú bọ̀ ọ́, wọ́n fa ẹyin iná kan jáde, pupa, ó ń rú èéfín tín-ín-rín. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín lókè àjà bú sí igbe! Igbe tó le ju igbe lọ. Ọmọ fi igbe ta, Sorcha gbé e sá síta, Enda gun àga, ó ń fi aṣọ ìnuwọ́ fẹ́ ẹ̀rọ náà, ó ń pariwo pé ká ṣílẹ̀kùn. Láàárín gbogbo rẹ̀, Màmá Delia dúró pẹ̀lú ẹyin iná lẹ́nu ẹ̀mú. Wọn ò ríbi gbé e sí. Wọ́n wo ojú Enda, wọ́n wo ojú Phonsie, Phonsie gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n wá wo ojú tèmi.

Mo wolẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Ẹ sọ fún mi, kí ni ǹ bá ṣe?

Wọ́n dá ẹyin iná náà padà sínú ìkòkò, wọ́n dé e. "Ẹ gbé e síta," wọ́n ní. "Ọmọ ń sunkún."

Ẹnu àtẹ̀gùn la gbé e sí. Ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú, ọ̀sán kì í pẹ́ lásìkò yẹn. Wọ́n jókòó sórí òkúta tútù, gbogbo ẹ̀bẹ̀ wa pé kí wọ́n wọlé, wọn ò gbọ́. Ó ku èédú àbàtà kan ṣoṣo nínú àpò aṣọ wọn, wọ́n fi í sí i. Wọ́n kó ẹyin iná jọ sójú kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, wọ́n fi eérú bò ó, wọ́n sì gbàdúrà wọn. "Brígid, mo fi í sábẹ́ aṣọ rẹ. Bá mi ṣọ́ iná, bá mi ṣọ́ ilé, bá mi ṣọ́ ẹni tó sùn nínú rẹ̀. Jẹ́ kó jí bá wa láàárọ̀."

Enda kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Kí lo ṣe?" wọ́n ní. "O kọ́lé fún mi. Lọ mú ọmọ rẹ kúrò nínú òtútù." Wọ́n fọwọ́ kan án lórí. Ì bá sàn kí wọ́n fọ́ ọ létí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ síbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ wo bóyá sìmẹ́ǹtì ti gbẹ. Irọ́ ni, mi ò rí oorun sùn ni. Yìnyín wẹ́wẹ́ bo koríko. Màmá Delia wà lórí àtẹ̀gùn, kóòtù Enda wà lọ́rùn wọn, ìkòkò náà wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ti ṣí i. Àwọ̀ ìka wọn ti yí padà nítorí òtútù.

"Malachy, o ṣeun tí o wá. Ọwọ́ mi ti kú, mi ò mọ nǹkan tí mò ń fọwọ́ kàn mọ́. Ojú mi náà ò ríran tó. Bá mi fọwọ́ sí i."

Mo kúnlẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ eérú náà. Ó tutù lókè, mo ní bóyá ìsàlẹ̀ ló ṣì gbóná. Mo tì í wọlé títí dé ọrùn ọwọ́. Mo fọwọ́ kan irin ìdí ìkòkò, òun náà tutù. Mo wá a yí ká, ẹ̀gbẹ́ gbogbo, mo rí ẹyin iná kan, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó wó di lẹ́búlẹ́bú. Mo ṣáà ń wá a. Mo mọ̀ pé bí mo bá dáwọ́ dúró, màá ní láti sọ nǹkan.

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Ìyá arúgbó yìí ti fi òru mọ́jú níta, wọ́n ń wo ẹnu mi bí ọmọdé. Òótọ́ wà lẹ́nu mi, mo fẹ́ sọ ọ́, ó kọ̀, kò jáde.

"Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, Màmá," mo wí.

Háà, ká ní ẹ rí ojú wọn! Wọ́n gbá ejìká mi mú, wọ́n fi gbé ara wọn dìde. Ọ̀pá wọn ṣubú, wọn ò tiẹ̀ wò ó.

"Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé kò ní kú! Kí lo wá kúnlẹ̀ ń wò? Dìde, lọ gbé òòlù rẹ wá nínú mọ́tò, kí o lu ògiri yẹn fún mi. Yára, Malachy, kó má lọ kú mọ́ wa lọ́wọ́!"

Enda ti dúró lẹ́yìn wọn lẹ́nu ọ̀nà, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń wò mí. Màmá Delia ń gbọ̀n mí léjìká, wọ́n ń ní kí n yára. Ọwọ́ mi sì wà nínú eérú tútù yẹn síbẹ̀, mi ò lè yọ ọ́.